Ọwọ́ Tí Ìyá Ẹgbẹ́ Fi Sẹ́yìn

Àwọn èrò tó kún gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò mọ̀ pé ọwọ́ òsì olórin ló ń darí ẹgbẹ́. Èrò kì í mọ̀ ọ́n. Ojú wọn wà lára ẹnu rẹ̀, lára aṣọ rẹ̀ tó ń dán, lára ọwọ́ ọ̀tún tó fi di máìkì mú. Ta ni yóò wo òsì? Ẹ̀yìn ló máa ń fi í sí, bíi pé ìbàdí ń dùn ún, ibẹ̀ ló sì ti ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá na ìka méjì, kí wọ́n padà sí ègbè. Tó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n rọra. Tó bá na ìka kan, kí onígìtá gbà á. Tó bá di ìkúùkù, kí gbogbo ohun èlò dákẹ́ pa títí yóò fi tú u.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òun náà ló gbé máìkì lé e lọ́wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn, tó ní, "Ojú rẹ, ti èrò ni. Ẹ̀yìn rẹ, tiwa ni. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ purọ́ fún wa láéláé." Ọdún kẹrin rèé tó ti kú. Láti ìgbà náà ni gbogbo wọn ti ń pe obìnrin náà ní Ìyá Ẹgbẹ́, títí kan onílù tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

Ilé iṣẹ́ kan ló gbà wọ́n lọ́jọ́ náà láti fi orin dágbére fún òṣìṣẹ́ tó ń fẹ̀yìn tì. Orin tútù ni Ìyá Ẹgbẹ́ mú. Màmá tí wọ́n ń ṣe é fún ti ń nu ojú. Ìyá Ẹgbẹ́ wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n rọra.

Wọ́n dákẹ́ pa.

Gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù láàárín gbọ̀ngàn, kò mọ ibi tó máa gbé e lọ. Ó yíjú padà. Ojú gbogbo wọn wà lára ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ń dúró.

"Ta ló ní kí ẹ dúró?" ó bi wọ́n nígbà tí wọ́n dé yàrá ẹ̀yìn ìtàgé.

"Ìwọ ni," onílù dá a lóhùn. "O di ìkúùkù."

"Mi ò di nǹkan kan."

"Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i."

"Ṣé mi ò wá mọ ọwọ́ ara mi mọ́ ni?"

Onígìtá ló dá a lóhùn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Ìyá Ẹgbẹ́ kì í pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pè é, nítorí kò sanra. Nílé, obìnrin náà máa ń kúnlẹ̀ kí i, torí ó bá a nínú ẹbí ni. Lórí ìtàgé, ìka obìnrin náà kan ṣoṣo ló ń sọ ìgbà tí yóò ta gìtá àti ìgbà tí yóò sinmi.

"Ìyàwó wa," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Lọ sinmi díẹ̀. Iwájú kò sá lọ."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ẹni tó sọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ.

*

Nígbà tó dé yàrá rẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀, òwú búlúù ni wọ́n fi ká etí rẹ̀. Ara aṣọ ìnujú Ìyá Ẹgbẹ́ ló ti ya á, èyí tó fi ń nu ọwọ́ tó bá ń làágùn lórí ìtàgé. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá kan tó ń tún aago ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta ló dì í fún un. Ṣọ́ọ̀bù náà kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Aago kún ara ògiri, gbogbo wọn sì ń ka wákàtí kan náà, àfi ọ̀kan tó ń rìn sẹ́yìn. Bàbá náà fi nǹkan dúdú pa aṣọ náà, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i lábẹ́ ahọ́n, ó so ó, ó sì ní, "Nígbàkigbà tí o bá fi inú pe ọwọ́ rẹ̀, ohun tí tìrẹ bá ṣe ni tirẹ̀ náà yóò ṣe. Kò ní mọ̀ ọ́n lára. Má jẹ̀ẹ́ kí ojú rẹ̀ kan aṣọ yìí lọ́wọ́ rẹ."

"Tó bá kàn án ńkọ́?"

Bàbá náà gbé awò kékeré tó fi ń wo inú aago sí ojú kan. "Ẹni tó kàn," ó ní. Oníbàárà mìíràn ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣé ìkà ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́? Ẹ jẹ́ ká má tíì pè é bẹ́ẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ ra gìtá àkọ́kọ́. Orin tí wọ́n fi mọ ẹgbẹ́ náà káàkiri, òun ló ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí gìtá nìkan ń ta kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé máìkì fún ìyàwó, níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lòun dúró sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ó ṣì ń dùn ún títí di òní.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lọ kọrin fún máníjà gbọ̀ngàn ńlá etí odò. Tí orin bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn ni yóò máa kọrin níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé fún ọdún kan gbáko. Onílù ti là á mọ́lẹ̀ pé tí Ìyá Ẹgbẹ́ bá tún dójú tì wọ́n níbẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bọ́ síwájú. Kò pe orúkọ, ṣùgbọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo wọn wò.

*

Ìyá Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé láti fi orin dánra wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní kí wọ́n padà sí ègbè, wọ́n dákẹ́. Ní Ọjọ́rú, ó ní kí wọ́n dákẹ́, wọ́n gbé orin sókè.

"Ẹ ń fi mí ṣeré!" ó pariwo. "Ẹ ti gbìmọ̀ pọ̀!"

Onílù fi igi ìlù méjèèjì lélẹ̀, ó bọ́ síta, kò sì padà wọlé lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́rin ni obìnrin yìí fi ń darí wọn láìgbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, kò sẹ́ni tó kù tí kò tíì jágbe mọ́.

Nǹkan kékeré kékeré ń ṣẹlẹ̀ nílé náà. Ó bá aṣọ ìnujú rẹ̀ lórí okùn, etí kan ti ya lọ. Ó bú eku. Ọjọ́ kejì, ó ń lọ aṣọ lórí tábìlì, ọwọ́ òsì tó fi tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó na ìka kan sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó gbàgbé ohun tó ń fi ọ̀tún ṣe títí òórùn aṣọ tó ń jó fi kan imú rẹ̀.

Ó pe Sísí, obìnrin tó ń gbe orin lẹ́yìn rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Tí a bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, gbé fóònù rẹ sídìí àga. Ẹ̀yìn mi ni kó máa yà. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Àwọn méjèèjì ti ara wọn mọ́ yàrá láti wò ó. Nínú fóònù, Ìyá Ẹgbẹ́ rí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó rí òsì rẹ̀ tó tẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rán an. Ó wá rí i tí àwọn ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó kéré jù lákọ̀ọ́kọ́. Wọn kò kánjú. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń ká wọn fún un. Wọ́n di ìkúùkù, orin sì dákẹ́. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú fóònù tó ń bú àwọn aláìṣẹ̀.

Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di òsì mú pinpin lórí itan. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, nítorí ibo lèèyàn fẹ́ sá gbà fún ọwọ́ ara rẹ̀?

"Kì í ṣe pé ó rẹ̀ yín," Sísí ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo mọ ẹnìkan. Alágbàfọ̀ ni o, aṣọ ló ń fọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ nìkan."

*

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án Fúráìdè tí wọ́n débẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé tóóró ni, páànù bò ó lórí, aṣọ aláṣọ sì kún okùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti tẹrí ba kọjá lábẹ́ ṣòkòtò àti aṣọ ìbora. Alágbàfọ̀ kò béèrè nǹkan kan. Ó fa ọwọ́ òsì Ìyá Ẹgbẹ́, ó tì í bọ inú abọ́ tí ìfófòó ọṣẹ kún dé ẹnu.

Ìfófòó náà yà kúrò lára ọwọ́ náà yíká. Alágbàfọ̀ tún kó o padà sí i. Ó tún yà.

"Hùn," ó ní. "Mo mọ ẹni tó di ìdì yìí."

"Ta ni?" Ìyá Ẹgbẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde.

"Jókòó. Ẹni tó dì í ni mo ní mo mọ̀. Ẹni tó lọ bẹ̀ ẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá ọkùnrin yẹn gbé. Kò mọ nǹkan dì dáadáa nígbà náà, títí di ìsinsìnyí náà, kò mọ̀ ọ́n." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ, ó wọlé lọ, ó sì mú ọṣẹ dúdú kékeré kan jáde nínú ọ̀rá. "Lọ́la, kí o tó bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀, fi èyí fọ òsì rẹ. Ọwọ́ tó ti ń fà ọ́, ìwọ ni wàá máa fà á. Ohun tí tìrẹ bá ṣe ni tirẹ̀ yóò ṣe, títí oòrùn yóò fi wọ̀."

"Tí oòrùn bá wá wọ̀?"

"Bí oòrùn bá ṣe bá tìrẹ nígbà náà ni tirẹ̀ yóò ṣe wà títí láé." Alágbàfọ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Nítorí náà, ṣí i. Kí oòrùn tó wọ̀, ṣí ọwọ́ rẹ, kí inú rẹ náà ṣí. Ó ṣeé ṣe kí o mọ ẹni náà. Ó ṣeé ṣe kí inú bí ọ. Bí o bá fi inú di ọwọ́ yẹn, ìka nìkan kò ní lè tú u fún ọ mọ́. Má wá bá mi nígbà náà, èmi náà kò ní lè tú u. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ìyá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ mú.

*

Láàárọ̀ Sátidé, ọrùn ọwọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó fẹ́ tú aṣọ náà, kókó rẹ̀ ti fún mọ́ra. Ó mú abẹ tì í, abẹ kò ràn án. Ó ṣe kìràkìtà títí di ọ̀sán, ó wá sáré lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Gbogbo aago tó wà lára ògiri ti dúró. Ọ̀kan tó ń rìn sẹ́yìn nìkan ló ṣì ń lọ. Bàbá alátùn-únṣe aago fa ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ọṣẹ yìí," ó ní. "Obìnrin yìí ò tíì kú?"

"Ẹ tú u, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Lọ sílé, ti ilẹ̀kùn, máa jókòó síbẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí obìnrin tí o di ọwọ́ rẹ̀ kò bá rí ọ, kò ní mọ ẹni tó máa bínú sí. Ohun tí yóò gbà ọ́ nìyẹn."

"Òní là ń kọrin fún máníjà, bàbá. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, ta ni wọ́n máa gbé iwájú fún?"

Bàbá náà yíjú sí ògiri. Ó ń wo aago rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà sílé, ó wọ aṣọ tí apá rẹ̀ gùn jù lọ nínú èyí tó ní, ó di bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé gìtá kọ́rùn jáde.

*

Ògiri kan gbọ̀ngàn etí odò náà, gíláàsì ni látòkè délẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, ó tàn dé ẹsẹ̀ ìtàgé. Máníjà wà níwájú, ó káwọ́ gbera.

Ìyá Ẹgbẹ́ jáde. Ó dúró láàárín ìtàgé, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo àwọn èrò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun títí ariwo fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìyẹn náà. Ó wá fi òsì sẹ́yìn.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ òsì Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúrò lọ́rùn gìtá, ó lọ sẹ́yìn.

Ó fà á padà. Kò wá. Ó gbìyànjú láti pariwo, ṣùgbọ́n orin ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ rọra. Ó na ìka méjì, wọ́n bọ́ sínú ègbè bí ara kan ṣoṣo. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti padà di tirẹ̀! Onílù náà rí i, ó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì lu ìlù bí ọ̀dọ́.

Gìtá nìkan ni kò dún. Nínú orin kẹta, ó na ìka kan sí onígìtá kó gbà á. Kò sí nǹkan kan. Ó yíjú padà.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró bí òun gan-an ṣe dúró. Òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn, òógùn bo ojú rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ mú òsì tirẹ̀ bọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà bọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ó gbé e sókè. Òun náà gbé e sókè, bọ́tìnnì já, apá aṣọ sì wọ́ dé ìgúnpá. Ìyá Ẹgbẹ́ rí aṣọ funfun náà, ó rí òwú búlúù etí rẹ̀. Eku tó ti ń bú láti ọjọ́ yìí ló dúró síwájú rẹ̀ yìí.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ètè Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń sọ. Kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi."

Oòrùn ti kan omi odò. Ìyá Ẹgbẹ́ rí i kedere láti inú gíláàsì. Ó rántí ohun tí alágbàfọ̀ sọ, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó rántí igi ìlù méjèèjì tí onílù fi lélẹ̀. Ó rántí bó ṣe kúnlẹ̀ kí ọkùnrin yìí láàárọ̀ Mọ́ńdè tó kọjá, tó sì bi í pé ṣé ara le. Inú bí i. Mi ò ní bò ó: inú bí i débi pé ó dùn mọ́ ọn.

Ó kọjú sí èrò. Ó gbé máìkì láti ọ̀tún sí òsì, ó sì dì í mú.

Orin ọkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi mọ ẹgbẹ́ náà káàkiri, ló fi parí. Kò sí gìtá láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹnu hùn ún. Àwọn èrò dìde. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tí ẹsẹ̀ yìí bá tán, òun á ṣí i. Ẹsẹ̀ náà tán, ègbè sì dùn. Ó ní lẹ́yìn ègbè. Máníjà náà ti dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, àwọn èrò ń kígbe pé kó tún un mú, ó sì tún un mú lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn kan tó dà bí igbe ọmọ kékeré jáde lẹ́yìn rẹ̀, ìlù bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi máìkì sílẹ̀, tó na ìka rẹ̀ márààrún, gíláàsì ti dúdú.

*

Àwọn ló gba gbọ̀ngàn náà. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń kọrin níbẹ̀. Onígìtá tuntun ni wọ́n ní, ó mọ̀ ọ́n ta, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Wọ́n yẹ ọwọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò nílé ìwòsàn. Eegun kò ṣẹ́, iṣan kò já. Ìkúùkù náà kàn ò ṣí ni. Aṣọ funfun náà ti já bọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, ó wá bá Ìyá Ẹgbẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn ìtàgé, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ọwọ́ kan ló fi tilẹ̀.

"Ẹ ṣí i fún mi."

"Ẹ dìde, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ó na òsì rẹ̀ síwájú ojú rẹ̀, ìka márààrún. "Ó ti ṣí. Ẹ wò ó. Mo ti dárí jì yín, mo fi Ọlọ́run búra."

Àwọn méjèèjì jọ wo ìkúùkù náà. Wọ́n wò ó pẹ́. Kò mira.

"Ẹ tún un sọ," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀bẹ̀.

Ó tún un sọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, ó wá a nínú ara rẹ̀ títí. Ohun tó rí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọjọ́ yẹn, ó wà níbẹ̀ digbí, ó ṣì ń dùn mọ́ ọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò sì tún bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Sísí kan ilẹ̀kùn pé èrò ti ń dúró. Ìyá Ẹgbẹ́ nu ojú, ó jáde. Ó dúró láàárín ìtàgé títí ariwo fi rọlẹ̀, ó fi òsì sẹ́yìn, ó di ìkúùkù, ó sì ṣí i. Ẹgbẹ́ bọ́ sínú orin bí ara kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró, ó fi ìkúùkù rẹ̀ ti àyà. Nígbàkigbà tí ọwọ́ ẹ̀yìn náà bá ṣí, á wo tirẹ̀.